Bí A Ṣe Ń Wo Gìtá Oníná Àtijọ́ Nínú Gíláàsì

Ilé tí wọ́n kó gìtá oníná àtijọ́ jọ sí máa ń dákẹ́ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ohun èlò tó ń pariwo jù lóde àríyá ni wọ́n tò lọ bẹẹrẹ sínú gíláàsì, kò sì sí èyí tó ń dún nínú wọn. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń wò á rí pupa, á rí búlúù, á rí èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó, á ya fọ́tò díẹ̀, á sì jáde. Kò jẹ̀bi, nítorí kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún un. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ rìn ín díẹ̀díẹ̀, kí ẹ lè mọ ohun tí ojú yín ń rí lọ́jọ́ tí ẹ bá dé irú ibẹ̀, yálà nílé níbí ni o tàbí lókè òkun.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ nílé. Ẹni tó ń gbé Òkè-Ogbo ní Ilé-Ifẹ̀ lè gun ọ̀kadà dé mùsíọ́mù tó wà ní Ẹnuwá, lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni a ó máa pe irú ilé bẹ́ẹ̀ níbí. Bí ẹ bá dúró síwájú orí idẹ Ifẹ̀ kan, irú àwọn tí wọ́n wú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, ojú nìkan ti tó fún yín láti mọyì rẹ̀. Ẹ ó rí ìlà tó tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú rẹ̀, ẹ ó rí bí alágbẹ̀dẹ ṣe yọ ètè àti ìpéǹpéjú. Kò sí apá kan tó kù tí ẹ ní láti lọ wá níbòmíì.

Gìtá oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdajì ohun èlò orin ni ẹ ń wò. Bí wọ́n bá ṣí gíláàsì fún yín, tí ẹ sì ta okùn rẹ̀, ohùn tó máa jáde kò ní dé etí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gìtá onígi lásán, èyí tí àwọn olórin ń pè ní box guitar, tí àwa yóò máa pè ní gìtá alápòótí, kò nílò olùrànlọ́wọ́: inú rẹ̀ ṣófo, ihò wà láyà rẹ̀, okùn á mi igi, igi á mi afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ohùn á sì jáde. Gìtá oníná gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ igi, ó gbé e fún iná mànàmáná. Bó ṣe gbé e fún un ni a fẹ́ wò yìí.

Lábẹ́ okùn gìtá náà, níbi tí olórin ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún ta á, ẹ ó rí nǹkan pẹlẹbẹ kan tó gùn tó ìka ọwọ́, tó dábùú gbogbo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Pickup ni àwọn olórin ń pè é. Agbohùn ni a ó máa pè é. Òòfà ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn irin tó ń fa irin mọ́ra. Wọ́n wá wé wáyà bàbà yí òòfà náà ká. Wáyà ọ̀hún tín-ín-rín tó irun orí, wọ́n sì ń wé e ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Nínú àwọn gìtá àtijọ́ tó lókìkí, ìgbà tí wọ́n wé e lè ju 7,000 lọ. Ọwọ́ èèyàn ló ń darí rẹ̀ nígbà náà, nítorí náà kò sí agbohùn méjì tó dọ́gba pátápátá. Èyí wà lára ìdí tí àwọn tó mọ gìtá fi ń sọ pé gìtá àtijọ́ kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀.

Kí ni òòfà àti bàbà ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ orin? Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ ń tan nílé nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí òòfà lẹ́bàá wáyà bàbà, bí agbára òòfà ṣe ń gba ara bàbà kọjá ni iná ń jáde. Michael Faraday ló ṣàwárí èyí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1831. Iṣẹ́ kan náà ni agbohùn ń ṣe, àmọ́ òòfà tirẹ̀ kì í yí. Okùn irin tó wà lókè rẹ̀ ló ń mì. Nítorí pé okùn náà sún mọ́ òòfà, òun náà ti gba díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ sára. Bó ṣe ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún ló ń da agbára òòfà náà rú, iná kékeré á sì là nínú wáyà bàbà. Bí okùn bá mì nígbà 110 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iná náà á lọ á bọ̀ nígbà 110. Ohùn ti di iná nìyẹn.

Ẹ ó wá rí ìdí tí okùn gìtá oníná fi gbọ́dọ̀ jẹ́ irin. Bí ẹ bá fi okùn ọ̀rá sí i, ẹ lè ta á títí ilẹ̀ á fi ṣú, òòfà kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń mì lókè òun.

Iná tó ń ti agbohùn jáde kéré gan-an. Kì í sábà pé fóòtì kan, bẹ́ẹ̀ bátìrì tọ́ọ̀ṣì ẹyọ kan jẹ́ fóòtì kan àbọ̀. Ó máa gba inú wáyà lọ sínú àpótí kan tí wọ́n ń pè ní amplifier, èyí tí a ó máa pè ní asọhùn-dańlá. Asọhùn-dańlá ń gba iná láti ara ògiri, ó ń fi iná ńlá yẹn ṣe àwòrán iná kékeré tó ti ọ̀dọ̀ gìtá wá, ó sì ń tì í sínú sípíkà. Nínú sípíkà náà, òòfà wà, wáyà bàbà wà: iná á mú kí bàbà máa sún síwá sẹ́yìn, bébà tó lẹ̀ mọ́ ọn á máa gbá afẹ́fẹ́, ẹ ó sì gbọ́ ohùn. Òòfà àti bàbà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, òòfà àti bàbà ló parí rẹ̀.

Nítorí èyí, nígbà tí ẹ bá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gìtá, ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó wo ògiri. Ẹ wò ó bóyá wọ́n gbé asọhùn-dańlá ti ayé ìgbà náà sí ẹ̀gbẹ́ gìtá. Èyí àtijọ́ ń lo gílóòbù, irú èyí tó máa ń wà nínú rédíò ńlá ti àwọn bàbá wa, tó máa ń gbóná kó tó sọ̀rọ̀. Bí olórin bá fi ipá ti iná púpọ̀ sínú àwọn gílóòbù yẹn, wọn kò ní lè gbé e dáadáa mọ́, ohùn á máa ya, á máa le kankan. Àbùkù ni àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kà á sí. Àwọn olórin ló sọ ọ́ di ẹwà, òun náà sì ni ohùn gìtá tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ orin rọ́ọ̀kì. Lójú tèmi, ilé tó bá to gìtá oníná láìgbé asọhùn-dańlá kankan tì í kò tíì fi ohun tó ní hàn yín.

Agbohùn ní ìṣòro kan. Gbogbo wáyà iná tó wà nínú ilé ló ń gbọ́. Iná ilé wa ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60, ìyẹn ló sì ń fa ìkùn tí ẹ máa ń gbọ́ nínú sípíkà nígbà tí olórin kò tíì ta nǹkan kan. Ní 1955, Seth Lover, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Gibson, wá ọgbọ́n kan sí i. Ó gbé wáyà méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó jẹ́ kí bí wọ́n ṣe wé ọ̀kan jẹ́ òdìkejì ti èkejì, ó sì jẹ́ kí ojú òòfà wọn náà jẹ́ òdìkejì ara wọn. Ariwo tó ti ìta wá ń wọ inú méjèèjì bákan náà, nítorí pé wọ́n jẹ́ òdìkejì ara wọn, ọ̀kan á pa èkejì rẹ́. Ohùn okùn kò rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ òòfà ló ti wá, òòfà tí wọ́n sì ti yí padà yóò tún un ṣe, méjèèjì á wá para pọ̀. Láti 1957 ni gìtá Gibson ti ń lò ó. Bí agbohùn bá tẹ́ẹ́rẹ́, wáyà kan ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Bó bá fẹ̀ tó ìlọ́po méjì, irú ti Lover ló sábà máa ń jẹ́. Ojú yín á tètè mọ ìyàtọ̀ wọn láti ìta gíláàsì.

Gìtá oníná àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dáadáa kò jọ gìtá rárá. George Beauchamp, olórin kan ní Los Angeles, àti Adolph Rickenbacker ló wà nídìí rẹ̀ ní 1931, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1932. Ó rí róbótó nídìí, ọrùn rẹ̀ gùn, ni wọ́n bá ń pè é ní Frying Pan, nítorí pé páànù tí a fi ń dín ẹyin ló jọ. Ìjọba Amẹ́ríkà kò fún Beauchamp ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ títí di 1937. Wọn kì í gbé e kọ́ ọrùn: orí itan ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, wọ́n á máa fi irin gbọọrọ kan yọ̀ lórí okùn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará erékùṣù Hawaii ṣe ń ta gìtá. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan, ẹ má ṣe kọjá lára rẹ̀ nítorí pé kò lẹ́wà. A ó padà pàdé ọmọ ìyá rẹ̀ nínú orin jùjú láìpẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń ṣe gìtá gbìyànjú láti fi agbohùn sára gìtá alápòótí. ES-150 ti Gibson jáde ní 1936, Charlie Christian sì fi irú rẹ̀ dá àrà nínú orin jáàsì. Àmọ́ bí ohùn sípíkà bá ti pọ̀ jù, ohùn náà á padà wá mi igi gìtá tó ṣófo, okùn á tún mì, agbohùn á tún gbé e, gìtá á bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Ẹ ti gbọ́ irú híhu yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lóde ìnáwó nígbà tí ẹni tó di gbohùngbohùn mú bá kọjú rẹ̀ sí sípíkà. Oògùn rẹ̀ ni kí inú gìtá má ṣófo mọ́. Ní nǹkan bí 1940, Les Paul mú ìtì igi kan, ó fi agbohùn àti okùn sí i, ó sì wá so ẹ̀gbẹ́ gìtá alápòótí mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì kó lè jọ gìtá lójú èrò. The Log ló pè é, ìyẹn ìtì igi, ó sì wà ní Country Music Hall of Fame ní Nashville.

Ẹni tó wá sọ irú gìtá tí inú rẹ̀ kò ṣófo yìí di ọjà ni Leo Fender, ní Fullerton, California. Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ló ń ṣe, kò mọ gìtá ta. Bóyá ìdí tí kò fi bẹ̀rù àti já a sí wẹ́wẹ́ nìyẹn. Gìtá tó gbé jáde ní 1950, tó di Telecaster ní ọdún tó tẹ̀ lé e, jẹ́ pákó lásán tí wọ́n gé, tí wọ́n fi ìdè irin mẹ́rin de ọrùn mọ́. Bí ọrùn bá bàjẹ́, ẹ tú u, ẹ fi òmíràn sí i. Stratocaster tẹ̀ lé e ní 1954 pẹ̀lú agbohùn mẹ́ta. Gibson náà ti gbé Les Paul tirẹ̀ jáde ní 1952. Bí ẹ bá mọ gìtá mẹ́ta yìí dunjú, ìwọ̀nba díẹ̀ ni èyí tó kù á fi ṣàjèjì sí yín, torí pé ọ̀pọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn wọn ń wo àpẹẹrẹ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá jù. Ní ọdún 1930 sí 1940, èèyàn inú ẹgbẹ́ jùjú kan kò pọ̀. Túndé King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ l'Ékòó ń lo gìtá-bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti jùjú, ìlù pẹlẹbẹ tó ní ṣaworo lẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú pálọ̀ tàbí ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń ṣeré, èèyàn á jókòó tì wọ́n, á sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Kò sí ìlù tó lè bo okùn mọ́lẹ̀. Ní 1948, Àkànbí Ẹ̀gẹ́ gbé gángan wọ inú jùjú. Ẹ̀yin náà mọ gángan. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ta ló tún máa gbọ́ gìtá?

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Àyìndé Bákàrè, tó ti ń ṣe àwo láti 1937, wá ojútùú sí i. Ó rí gbohùngbohùn kékeré kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ohun èlò orin. Bánjò kékeré tó ń ta tẹ́lẹ̀ kò ní ibi tí nǹkan náà á lẹ̀ mọ́ dáadáa, nítorí náà ó pa bánjò tì, ó mú gìtá alápòótí. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan níbí: gbohùngbohùn tí Bákàrè lẹ̀ mọ́ gìtá, igi ló ń gbọ́, agbohùn tí a ti ń sọ bọ̀, okùn irin ló ń gbọ́. Àmọ́ ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ, inú asọhùn-dańlá. Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ní 1947, náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé gìtá oníná sórí ìtàgé l'Ékòó.

Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni mo fẹ́ kí ẹ dúró wò. Ẹlòmíì á rò pé iná yóò lé ìlù jáde nínú orin wa, pé ohun òyìnbó yóò borí ti ìbílẹ̀. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tí gìtá àti ohùn akọrin ti lè ga bí wọ́n bá ṣe fẹ́, kò sí ìdí mọ́ láti dín ìlù kù. Àwọn ẹgbẹ́ fi gángan kún gángan, wọ́n fi àkúbà sí i, wọ́n fi agogo sí i. Iná mànàmáná ló ṣí ilẹ̀kùn fún ìlù Yorùbá láti wọ inú jùjú tìlù-tìfọn. Ọ̀mọ̀wé Christopher Waterman, tó kọ ìwé lórí jùjú, ti ṣàlàyé èyí dáadáa, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ilẹ̀kùn yẹn náà ni àwọn gìtá míì gbà wọlé. Ebenezer Obey, tó dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní 1964, àti King Sunny Adé, tí wọ́n bí ní Òṣogbo ní 1946, sọ gìtá di ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan. Ẹ fetí sí àwo wọn dáadáa: gìtá kọ̀ọ̀kan ń ta gbólóhùn kúkúrú kan, ó ń tún un ta, òmíràn ń dá a lóhùn, gẹ́gẹ́ bí ìyáàlù àti omele ṣe ń ṣe. Kí gbólóhùn wọ̀nyí má bàa dàrú mọ́ra, ohùn wọn gbọ́dọ̀ mọ́ gaara. Nítorí náà, olórin jùjú kì í sábà fi ipá ti gílóòbù títí ohùn á fi ya bí àwọn olórin rọ́ọ̀kì ṣe ń ṣe. Ẹ̀rọ kan náà ni, ọgbọ́n tí a fi lò ó ló yàtọ̀. Nínú àwo Juju Music tí Sunny Adé ṣe ní 1982, ẹ tún máa gbọ́ ohùn kan tó ń yọ̀ lọ geere lókè gbogbo ìlù. Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á, gìtá Hawaii ni, irin ni wọ́n fi ń yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Ọmọ ìyá Frying Pan nìyẹn.

Ní báyìí tí ẹ ti mọ èyí, ẹ padà síwájú gíláàsì. Ẹ wo ara gìtá náà: ṣé ó ṣófo ni tàbí odindi pákó? Ẹ ka agbohùn rẹ̀, ẹ wo bóyá ó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ó fẹ̀. Ẹ wo ibi tí ọ̀dà ti bó. Bó bá bó lókè, níbi tí apá ọ̀tún ń sinmi lé, tí igi ọrùn náà sì jẹ níbi ìka, ẹni tó ni ín lò ó lóòótọ́ ni. Èyí tó ń dán láti òkè délẹ̀ lẹ́yìn ọdún 60 lè jẹ́ pé inú àpótí ló ti lo ayé rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n tún un kùn. Àwọn tó ń ra gìtá àtijọ́ kórìíra ọ̀dà tuntun. Owó gìtá tí wọ́n tún kùn máa ń wálẹ̀ gidigidi.

Káàdì tó wà níwájú rẹ̀ lè sọ pé wọ́n ṣe é ní nǹkan bí 1963. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Wọ́n máa ń tú u wò. Ilé-iṣẹ́ Fender sábà máa ń fi oṣù àti ọdún sí ìdí ọrùn níbi tó ti kan ara. Lẹ́yìn bọ́tìnnì tí a fi ń lọ́ ohùn sókè sódò, ẹ máa ń rí nọ́ńbà. Bí wọ́n bá tẹ 304 6320 síbẹ̀, 304 ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe bọ́tìnnì náà, 63 ni ọdún 1963, 20 sì ni ọ̀sẹ̀ ogún nínú ọdún náà. Gìtá ọ̀hún kò lè dàgbà ju bọ́tìnnì rẹ̀ lọ, àfi tí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ó tún máa gbọ́ tí àwọn èèyàn ń bèèrè bóyá Fender kan jẹ́ ti ṣáájú 1965. Ọdún yẹn ni Leo Fender ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún CBS ní mílíọ̀nù 13 dọ́là, ọ̀pọ̀ sì gbà pé iṣẹ́ kò rí bákan náà lẹ́yìn náà.

Iyàrá náà máa ń ṣókùnkùn díẹ̀, wọ́n á sì ní kí ẹ má ṣe lo fíláàṣì. Ìmọ́lẹ̀ ń jẹ àwọ̀. Irú Les Paul kan tí Gibson ṣe láti 1958 sí 1960 ní àwọ̀ pupa létí tó ń di yẹ́lò láàárín. Pupa yẹn kì í farada oòrùn. Méjì tó jáde lọ́sẹ̀ kan náà lè máà jọra mọ́ lónìí: èyí tó wà nínú àpótí ṣì pupa, èyí tí wọ́n fi kọ́ ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ti di yẹ́lò pátápátá. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ náà ń bá igi jà. Àwọn olùtọ́jú fẹ́ kó wà láàárín ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kó má sì máa lọ sókè sódò. Ẹ wá ro ọyẹ́ tiwa tó ń la ètè, àti òjò oṣù kẹfà tó ń mú kí bàtà hu olú. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n bá fà le tán ń fa ọrùn pẹ̀lú agbára tó lè ju 40 kílò lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń dẹ okùn díẹ̀.

Níbo ni ẹ lè lọ? Ọ̀kan tó sún mọ́ wa nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé olórin ni Kalakuta Museum, ilé Fẹlá ní Ìkẹjà, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá ọdún 2012. Kì í ṣe ilé gìtá, ṣùgbọ́n ẹ ó rí bí wọ́n ṣe fi yàrá, aṣọ àti bàtà olórin kan pa mọ́. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, Horniman Museum kò jìnnà sí wọn, ohun èlò orin tó wà níbẹ̀ ju 1,300 lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn ìṣètò rẹ̀ jù ni Musical Instrument Museum ní Phoenix, Arizona, tí wọ́n ṣí ní 2010. Wọ́n á fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí yín létí lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹ bá sì ti sún mọ́ ohun èlò kan, ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún sí yín létí fúnra rẹ̀. Wọ́n ti yanjú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Níbi tí kò bá sí irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ gbé fóònù àti ohun ìgbọ́rọ̀ tiyín dání, ẹ wá àwo tí wọ́n fi irú gìtá náà ṣe, kí ẹ gbọ́ ọ bí ẹ ṣe ń wò ó.

Ìtàn gìtá náà tún ní iye tirẹ̀. Ní 2019, wọ́n ta Stratocaster dúdú kan tó jẹ́ ti olórin rọ́ọ̀kì kan, David Gilmour, ní New York ní 3,975,000 dọ́là. Irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó ni ín, ìdá kékeré kan péré nínú owó yẹn ló máa mú wá. Pákó kan náà ni, bàbà kan náà ni. Ìwé àti àwòrán tó fi hàn pé ọwọ́ ẹni báyìí ló ta á, lórí àwo báyìí, ni wọ́n sanwó fún.

Èyí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín wà nínú ẹgbẹ́ jùjú tàbí háíláìfù rí. Gìtá tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ páànù tó ń gbóná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀. Ẹ má ṣe tún un kùn. Ẹ dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀, ẹ má ṣe tú gbogbo rẹ̀ kúrò. Bí oníṣẹ́ bá pààrọ̀ agbohùn tàbí bọ́tìnnì rẹ̀, ẹ gba èyí àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi í pa mọ́. Asọhùn-dańlá tó bá ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń jẹ́ ti iná 120, iná tiwa sì jẹ́ 220 sí 240. Ẹ má ṣe kì í bọ ògiri láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti yẹ inú rẹ̀ wò. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin, Sunny Adé fúnra rẹ̀ sì ti kọ́ni níbẹ̀ rí. Ẹ gbé gìtá náà lọ hàn wọ́n. Kí ẹ tó lọ, ẹ jókòó ti ẹni tó ta á nígbà tó ṣì wà láàyè, ẹ bi í ọdún tó rà á, ẹgbẹ́ tó fi ṣeré, àwo tí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, kí ẹ sì fi ìwé náà sínú àpótí gìtá.